Ẹrù Tí A Gbé Lé Ọkọ̀, Igbó Tí A Dá Sí

Àwa òṣìṣẹ́ tó ń mú ìmọ̀ àgbẹ̀ kiri agbègbè Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó la tún dé. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kòkòrò àti irúgbìn la sábà máa ń bá yín sọ. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn ni, àmọ́ ìtàn tó kan àpò wa ni.

Níbi ìpàdé kan tí a ṣe ní Ìrè-Èkìtì, èèyàn méjì béèrè ọ̀rọ̀ tí a ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan tó ń ta iṣu ló kọ́kọ́ dìde. Ó kó iṣu sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Èkó. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, kò sí tapólì lórí ẹrù, òjò sì rọ̀ sí i. Ìdajì iṣu jẹrà. Awakọ̀ gba owó rẹ̀ pé, ó ní, "Ìyá, olówó ẹrù ló ni ewu ẹrù." Ìyá wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?"

Bàbá àgbà kan ló tẹ̀lé e. Àwọn baba ńlá rẹ̀ dá igbó kan sí létí odò, wọn ò gé e. Òun náà ò gé e. Nígbà tí ọ̀nà kan gba ilẹ̀ ẹbí wọn kọjá, àwọn tó wá ka nǹkan oko fún owó gbà-má-bínú ka kòkó, wọ́n ka kaṣú, wọ́n ka ọ̀pẹ. Wọn ò ka igbó. Bàbá ní, "Ẹni tó gbin kaṣú gbowó. Èmi tí mo tọ́jú igbó, ṣé mo jẹ̀bi ni?"

A lọ kà, a lọ bi àwọn tó mọ òfin. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè méjèèjì, ìdí kan náà ni wọ́n ní. Ìyá gbé ohun ìní rẹ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́. Bàbá tọ́jú igbó tí odò gbogbo ìlú sinmi lé. Àwọn méjèèjì gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí irin jẹ́ ìwé ẹ̀rí

Kí mọ́tò tó dé, orí la fi ń ru ẹrù ní Èkìtì. Alárù tó gbé ẹrù rẹ lọ sọ́jà jíjìn, o mọ ilé baba rẹ̀. Bí ẹrù bá sọnù, àwọn àgbà á pè é. Bó bá sẹ́, wọ́n á ní kó fi irin búra. Àwa tí a wà ní Ìrè ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ìlú Ògún Onírè nìyí. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀, àgbẹ̀ tó mú àdá dání, kò sẹ́ni tí kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú irin nínú wa. Títí dòní, ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ mú Bíbélì tàbí Kùránì lè fi irin búra.

Agbára ìbúra yẹn kò sí nínú irin nìkan. Ó wà nínú pé ẹni tó búra àti ẹni tó ni ẹrù jọ ń gbé ìlú kan náà. Kò síbi tó máa sá gbà.

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà ni kòkó àti èkùrọ́ wa ti rí ọ̀nà gbà dé etíkun. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà mọ́tò wọ Èkìtì, bọlẹ́kájà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn àti ẹrù pọ̀. Ẹrù wá ń rin ibi tó jìn ju ibi tí ìbúra lè dé lọ. Awakọ̀ lè wá láti ìlú tí a ò mọ̀, kó gbé ẹrù wa, kí a má sì rí i mọ́.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé ìjọba amúnisìn wá ní ìlànà kan tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń pe gbogbo ayé pé òun ń fi owó gbé ẹrù, bó bá ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù náà wà títí yóò fi gúnlẹ̀. Ohun tó lè yọ ọ́ kò pọ̀: iṣẹ́ Ọlọ́run bí àrá tàbí omíyalé, ogun, àṣìṣe ẹni tó ni ẹrù, bíi pé kò dì í dáadáa, tàbí àbùkù tó ti wà lára ẹrù tẹ́lẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn kọ́ ni ìpilẹ̀? Òdìkejì rẹ̀ ni ìpilẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹrù ló wá ọgbọ́n láti bọ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pátákó kọ́ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹrù kò kan àwọn. Ìjà pọ̀ débi pé ní 1830 ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan. Òfin náà ní pátákó tí ẹnì kan dá gbé kọ́ kò tó láti yọ ọ́, àfi bí òun àti ẹni tó ni ẹrù bá jọ ṣe àdéhùn. Pátákó yẹn náà ló bá wa dé ibí. Ẹ lọ wo ara ọkọ̀ àti ìwé owó ọkọ̀ lónìí, ẹ máa rí "owner's risk" níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò nílò kí wọ́n kọ ọ́ mọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún Ìyá ní gáréèjì, a sì gbà pé òfin ni.

Ohun tí òfin wí lónìí

Ìyà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn kó ẹrù ilé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn a máa dá iye kan lóhùn, bí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀ tán, wọ́n á ní owó ti lé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní já ẹrù sílẹ̀. Ìjọba wọn wá ṣe òfin pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí wọ́n fojú bù sínú ìwé kí ẹrù tó gbéra. Bí iye náà kì í bá ṣe àgékù, tí ẹni tó ni ẹrù bá ti san án pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, wọ́n gbọ́dọ̀ já ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n tó máa bèèrè ìyókù. Ẹni tó ni ẹrù á tún yan irú ààbò tó fẹ́. Bó bá yan èyí tí kò ní owó lórí, ohun tó bá bàjẹ́, 60 sẹ́ǹtì péré ni wọ́n máa san lórí páùn kan. Ẹ wò ó bí owó yẹn ṣe kéré tó. Ẹni tí kò bá ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i á kábàámọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ìjọba ológun ṣe òfin ààbò oníbàárà ní 1992. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni òfin ọdún 2018 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019. Òun ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ fún wà lára àwọn tí òfin yìí ń pè ní oníbàárà. Nítorí náà, Ìyá tó sanwó ọkọ̀, oníbàárà ni.

Abala 130 sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò. Bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà, ó gbọ́dọ̀ tètè sọ. Ohun oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà bó ṣe rí nígbà tó gbà á. Bó bá kùnà, oníbàárà lè ní kó tún un ṣe tàbí kó dá apá tó yẹ nínú owó padà. Abala 129 ní tiẹ̀ kò gba kí ẹni tó ń ṣòwò kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí òun bá tilẹ̀ ṣe àìbìkítà tó burú, kò ní kan òun.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé gbogbo ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lọ́nà ni awakọ̀ rẹ̀ ti jẹ̀bi. Ọ̀nà wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó gbé iṣu láìsí tapólì nígbà òjò, tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin tí kò pe ẹni tó ni ẹrù, kò lè fi "olówó ẹrù ló ni ewu" bọ́.

Kí ló dé tí Ìyá ò rí nǹkan kan gbà? Nígbà tí a bi í pé iṣu mélòó ló kó, ó ní, "Ó kún ọkọ̀." Nọ́ńbà ọkọ̀ ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Rìsíìtì ńkọ́? Kò sí. Orúkọ awakọ̀? "Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é." Òfin wà lẹ́yìn Ìyá. Ẹ̀rí ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ba ẹrù jẹ́ lọ́nà: okùn àti pákó tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró gba owó. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìfàkì dé Adó, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tòmátì ò sì ní sùúrù. Òfin kẹtàlélógún kọ́ o, òfin kọkànlélógún ọdún 1998 ni, tó to owó orí àti owó mìíràn tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Òfin yẹn sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ owó orí, kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó. Ìjìyà tó fi sí i ni ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n ṣe é, ₦50,000 kì í ṣe owó kékeré.

Igbó tí òfin ò rí

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí Bàbá. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń dá igbó sí kí ìjọba tó dé. Igbó òrìṣà wà, igbó etí odò wà. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá gé igi níbẹ̀, ìlú á bá a wí.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà igbó ìjọba nílẹ̀ Yorùbá. Ti Olókè Méjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti Èkìtì. Ẹ mọ igbó ìjọba Ìṣẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì wà títí dòní, ẹ sì mọ ti Ògbèsè. Láti ọjọ́ yẹn, igbó di oríṣi méjì lójú òfin. Èyí tí ìjọba pààlà sí ní orúkọ nínú ìwé, ó ní ẹ̀ṣọ́, ó ní máàpù. Èyí tí ẹbí àti ìlú dá sí kò ní ìwé kankan. Èèwọ̀ nìkan ló ní, ìgbàgbọ́ nínú èèwọ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun gbé òfin lílo ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo aráàlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà, abala 29 ní kí wọ́n san owó ilé, owó irúgbìn àti owó àtúnṣe tó wà lórí rẹ̀. Kí ni òfin ń pè ní àtúnṣe? Abala 51 dáhùn: ohun tó wà lórí ilẹ̀ láìkúrò, tó jẹ́ pé owó tàbí làálàá ẹni tó ń lo ilẹ̀ ló mú un wá. Ó ka oko igi àti irúgbìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá dì sí. Igi tí a gbìn, làálàá wa ló mú un wá, òfin rí i. Igi tí a kọ̀ láti gé, òfin ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó ti dáko rí ló mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí èèyàn fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, kó máa lé agégi dànù fún ogójì ọdún. Ẹni tó gé igbó rẹ̀ tó gbin kaṣú ló gbọ́n lójú ìwé. Bí a ò bá tún un ṣe, àwọn ọmọ Bàbá á gé igbó náà, odò á sì gbẹ. Gbogbo wa la máa jọ mu erùpẹ̀.

Àwọn ibòmíràn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1976, ẹni tó ni ilẹ̀ lè bá ẹgbẹ́ tàbí ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pé wọn ò ní gé igbó náà, wọn ò ní gé e ní púlọ́ọ̀tì, títí ayé, ẹnikẹ́ni tí ì báà ra ilẹ̀ náà. Owó tí ilẹ̀ náà fi wálẹ̀ nítorí àdéhùn yẹn, òfin ka á sí ẹ̀bùn tó fún aráàlú, ó sì ń mú kí owó orí rẹ̀ dín kù. Ní 1983, ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì tẹ̀lé e.

Ṣé ẹ̀dínwó owó orí nìkan ló máa wo àìsàn tiwa? Rárá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa kì í san owó ilẹ̀ fún ìjọba lórí ilẹ̀ ẹbí. Ohun tí Bàbá nílò jù ni kí igbó rẹ̀ ní orúkọ, kí wọ́n lè kà á. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kan wà nínú òfin 1978 tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Abala 17 fún gómìnà lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láìgba owó ilẹ̀ tàbí ní ẹ̀dínwó, bó bá rí i pé ó ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Òfin ò dárúkọ igbó níbẹ̀. Àmọ́ bí odò tí ìlú mẹ́ta ń mu kì í bá ṣe àǹfààní gbogbo ìlú, kí ló tún kù?

Ẹ̀dínwó kì í fúnra rẹ̀ wá

Ẹ rántí ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 àti 1969, owó orí àti owó oríṣiríṣi wọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá lọ́rùn, iye tí wọ́n ń ra kòkó kò sì dára. Àwọn àgbẹ̀ ní 30 ṣílè làwọn máa san. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ẹ̀mí sọnù. Lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí i, wọ́n fa owó orí náà wálẹ̀ sí £2. A ò fẹ́ irú ìjà yẹn mọ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí níbẹ̀ ni pé ìjọba ò mọ ibi tí bàtà ti ń ta àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ àfi bí àgbẹ̀ bá sọ ọ́. Ìwé ni kí a fi sọ tiwa báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí lórí ẹrù:

1. Kí ẹrù tó gbéra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye àpò tàbí iye iṣu, ipò tó wà, ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó yẹ kó dé, owó ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Kí ẹ̀yin àti awakọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan.

2. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹrù nínú ọkọ̀, kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn. Ẹni tó máa gba ẹrù náà kí ó ya tiẹ̀ kó tó já a.

3. Ẹ bèèrè tapólì kí ẹ tó sanwó. Ẹ má san gbogbo owó tán. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀.

4. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sára ìwé awakọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ò bá gbọ́ ara yín yé, ẹ kó ìwé àti fọ́tò lọ sọ́dọ̀ FCCPC tàbí kọ́ọ̀tù.

Lórí igbó:

1. Kí ẹbí pàdé, kí wọ́n kọ àdéhùn pé igbó yìí kò ní di gígé, kí gbogbo olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ọba tàbí báálẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí.

2. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kó yà á sínú máàpù, kí ẹ sì lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ fún ìwé ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀ ti ìbílẹ̀. Abala 6 òfin 1978 fún wọn lágbára láti fún yín.

3. Ẹ gbin nǹkan mọ́ igbó náà láìgé e: orógbó, obì, ìrókò, afárá, ọmọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn wọ́n sílẹ̀. Èyí tí ẹ gbìn, làálàá yín ni, òfin á rí i.

4. Kí àwọn ẹbí tó ní igbó létí odò kan náà para pọ̀ kọ̀wé sí gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Adó. Kí wọ́n dárúkọ abala 17. Kí wọ́n bèèrè pé kí igbó tí a dá sí wọ ìwé owó gbà-má-bínú. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

A ti padà sí Ìrè. A sọ èsì fún Ìyá àti Bàbá. Iṣu tó jẹrà ti lọ, owó ọ̀nà tí wọn ò san fún Bàbá ti kọjá. A ò lè purọ́ fún wọn pé ìwé lè dá a padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá tún kó ẹrù, ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló kọ ìwé. Awakọ̀ kọ́kọ́ fajú ro, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ìyá dá a lóhùn pé, "Mo fọkàn tán ọ. Ìwé yìí ni kí àwa méjèèjì má bàa gbàgbé."

Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ kà á sétí àwọn tí kò lè kà. Oko ò ní hu wá ní ẹ̀gún o. Ire o.